Ìkòkò Ṣebótimọ

Ajá tó ń jẹ́ Ṣebótimọ ló jẹ ẹran tó rọ̀ jù lọ nílé wa lọ́dún tí mò ń sọ yìí. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Dádì, bàbá mi, ló fún un lórúkọ náà, kì í sì í ṣe ajá ni wọ́n ń bá wí. Ọkùnrin kan tó ń gbé ọ̀kánkán wa ló ra jíìpù tó ga ju ògiri ilé rẹ̀ lọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì ni Dádì gbé ọmọ ajá wálé, wọ́n dúró lẹ́nu géètì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo: "Ṣebótimọ! Wá ńbí! Ṣebótimọ, ṣé ò ń gbọ́?" Bí àwọn àgbà wa ṣe ń lo orúkọ ajá nìyẹn: ajá lo máa pè, aládùúgbò lá jẹ́ ọ. Ṣùgbọ́n jíìpù náà bàjẹ́, wọ́n wọ́ ọ lọ. Aládùúgbò kó lọ síbi tí a ò mọ̀. Ajá dàgbà, irun ẹnu rẹ̀ funfun, orúkọ rẹ̀ kò sì rí ẹlòmíràn bá wí mọ́ àfi àwa tí à ń bọ́ ọ.

Ẹ̀yìn Ìgbògbò ní Ìkòròdú nilé wa wà, nínú ẹ́sítéètì kan tí ẹ kì í fojú rí àwọn onílé ibẹ̀ lọ́sàn-án àfi tó bá di Sátidé. Kí wọ́n tó parí ìpè ìrun àsùbáà, ẹ ó ti máa gbọ́ ariwo géètì, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, kíààà, gbà! Dádì á sáré lọ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò kí wọ́n lè tètè dé Èkó. Mọ́mì, ìyá mi, á tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú sìlípáàsì lẹ́sẹ̀ àti bàtà ọ́fíìsì nínú báàgì. Tí àwọn méjèèjì bá ti lọ, ìró tó máa ń kù nílé kò ju ti ẹ̀rọ tó ń fa omi lọ, àti ti Ṣebótimọ tó ń fi ìrù gbá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Èmi nìkan ni wọ́n bí, mo sì gbà tọkàntọkàn pé ajá náà ni ẹ̀gbọ́n mi.

Ọdún yẹn ni wọ́n mú Ìyá Ẹ̀pẹ́, ìyá tó bí Dádì, wá sọ́dọ̀ wa. Ẹja yíyan ni Ìyá tà títí wọ́n fi darúgbó, láti Ẹ̀pẹ́ dé ọjà Ejìnrìn, àwọn tó mọ̀ wọ́n sì máa ń sọ pé ọbẹ̀ wọn a máa dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọkọ àtìyàwó, torí ọkọ á ní òun ò jẹ ti ilé mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé wọn ṣubú nínú balùwẹ̀. Dókítà ní kí wọ́n má fi iyọ̀ sẹ́nu mọ́, Dádì sì mọ̀ pé bí ìyá àwọn bá ṣì wà ní Ẹ̀pẹ́, kò sẹ́ni tó máa gba iyọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ìyẹn ni wọ́n ṣe kó wọn wá sí Ìkòròdú, kí Mọ́mì lè máa ṣọ́ wọn. Mọ́mì kó gbogbo iyọ̀ àti mágí inú ilé sínú àpótí aṣọ, wọ́n tì í, wọ́n so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ọrùn. Ọbẹ̀ tiwa tí a ṣì ń fi iyọ̀ sè wá bẹ̀rẹ̀ sí í rùn kánfọ̀ inú àpótí aṣọ.

Ogun bẹ̀rẹ̀. "Ìyá Rúkà," bí Ìyá Ẹ̀pẹ́ ṣe ń pe ìyá mi nìyẹn, nítorí èmi ni Rúkà, "ṣé mo ṣẹ ìjọba ni? Oúnjẹ ẹlẹ́wọ̀n lo gbé wá fún mi yìí."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù. Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣeré."

"Dókítà yẹn, ṣé wọn ò fi iyọ̀ ṣàdúrà fún un níjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ ni? Iyọ̀ la fi ń kí ọmọ káàbọ̀ sáyé. Ìwọ wá fẹ́ kí n jáde láyé láìrí i."

Mọ́mì á kúnlẹ̀, wọ́n á bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ò ní kúrò lọ́rùn wọn. Báyìí tí èmi náà ti di ìyá ọmọ, mo rí i pé àwọn méjèèjì ni wọ́n jàre, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì ń fi ìfẹ́ fún ara wọn lọ́rùn.

Inú ogun yẹn la wà tí ajá fi bẹ̀rẹ̀ àìsàn. Oúnjẹ gbígbẹ tí wọ́n ń rà fún un nínú àpò, á gbóòórùn rẹ̀, á gbójú kúrò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n tó bá fẹ́ dìde. Dókítà ẹranko kan wá láti Ìgbògbò, ó yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, ó ní kíndìnrín rẹ̀ ti ń rẹ̀ ẹ́. Ó ní kí a máa fi oúnjẹ tí a bá fọwọ́ ara wa sè kún oúnjẹ àpò rẹ̀: ẹran adìẹ díẹ̀, ìrẹsì, kárọ́ọ̀tì àti elégédé, lórí iná jẹ́jẹ́ fún wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, títí ẹran á fi bọ́ lára eegun fúnra rẹ̀, kí a wá ṣa gbogbo eegun kúrò. "Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o," ó na ìka sókè, "kò gbọdọ̀ sí iyọ̀. Kò gbọdọ̀ sí àlùbọ́sà. Ata àti mágí ò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Iyọ̀ gan-an ló máa pa á."

Ìyá Ẹ̀pẹ́ rẹ́rìn-ín títí tẹ̀sùbáà fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. "Ràṣídì!" wọ́n pe Dádì. "Ṣé o gbọ́? Ìwọ ò ráyè jókòó jẹun nílé ara rẹ. Índómì oníṣẹ́jú márùn-ún lọmọ rẹ ń jẹ sùn. Ajá tó o sọ ní Ṣebótimọ ló fẹ́ jẹ ẹran oníwákàtí mẹ́rin!" Dádì kàn ní, "Ìyá, àìsàn ló ń ṣe é," wọ́n sì wọlé.

Mọ́mì gbìyànjú. Wọ́n á jí ní aago mẹ́rin ìdájí, wọ́n á gbé ìkòkò ka orí gáàsì, wọ́n á yí iná sókè pátápátá nítorí ọkọ̀ Ìpakodò kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Òkè ìkòkò á máa hó, ìdí rẹ̀ á máa jóná. Ṣebótimọ á wo àwo, á wo Mọ́mì, á lọ sùn. Ọjọ́ kẹta, Ìyá Ẹ̀pẹ́ gbóòórùn èéfín náà lórí ìrun. Bí wọ́n ṣe sálámà tán báyìí, wọ́n dìde. "Àgbà kì í wà nílé kí ẹran ó jóná," ni wọ́n wí, wọ́n sì gba ìkòkò lọ́wọ́ ìyá mi. "Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Kì í ṣe torí ajá. Mi ò lè jókòó kí wọ́n máa fìyà jẹ ìkòkò níṣojú mi ni."

Àdògán wọn tí wọ́n gbé wá láti Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n gbé kalẹ̀ lẹ́yìn ilé, wọ́n da èédú sí i, wọ́n sì gbé ìṣaasùn lé e. Ẹja yíyan ti kọ́ Ìyá ní iná. Wọ́n ní iná tó bá ń kánjú, ojú ẹja ló máa ń jó, á fi inú rẹ̀ sílẹ̀ ní tútù. Tí mo bá ti ilé ìwé dé, iṣẹ́ mi ni láti máa fẹ́ èédú, ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ ẹ jù, wọ́n á gbá mi lọ́wọ́. "Ṣé o fẹ́ sá ni? Jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́." Ìkòkò á wá máa ṣe pò... pò... pò, bí àgbà tó ń ronú. Títí dòní, tí mo bá gbọ́ ìkòkò tó ń hó bẹ́ẹ̀ nílé onílé, ojú mi á lọ sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Ó ní bí Ìyá ṣe ń bu oúnjẹ ajá. Wọn ò fọwọ́ kàn án rí, nítorí wọ́n ti kọ́ wọn nílé kéwú láti kékeré pé itọ́ ajá a máa ba ìmọ́tótó ìrun jẹ́. Wọ́n á dúró gangan, wọ́n á na ṣíbí ìbubẹ̀ ọlọ́wọ́ gígùn síwájú, wọ́n á da oúnjẹ sínú àwo láti òkè wá, kí ẹnu ajá má baà kan ṣíbí. Wọn kì í pe orúkọ rẹ̀. "Ajá, máa jẹ," ó parí. Ṣùgbọ́n òfin kan ṣì wà tó ju ìyẹn lọ. Lágbo ilé wọn ní Ẹ̀pẹ́, aláṣè kì í gbé oúnjẹ tí kò tọ́ wò fún ẹlẹ́nu. Wọ́n ní ẹni tó bá gbé oúnjẹ tóun fúnra rẹ̀ ò lè jẹ fún ẹlòmíràn, ọ̀tá rẹ̀ ni. Nítorí náà, lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Ìyá da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n fi ahọ́n kàn án.

Ojú wọn yí padà. Wọ́n tutọ́. Wọ́n wo Ṣebótimọ tó jókòó sọ́ọ̀ọ́kán, tó ń fi ìrù gbálẹ̀, wọ́n mi orí. "Ẹ̀dá Ọlọ́run rèé," ni wọ́n wí, "wọ́n fẹ́ kó jẹ èyí." Wọ́n tú kókó kan létí ìró wọn. Iyọ̀ ni. Iyọ̀ tí wọ́n ń rà ní ìsọ̀ kan lọ́jọ́ Jímọ̀ tí wọ́n bá ń bọ̀ láti mọ́sáláṣí. Wọ́n fi ìka mẹ́ta bù ú, wọ́n wọ́n ọn sínú ìkòkò. Wọ́n fi irú sí i. Wọ́n rún ẹja Ẹ̀pẹ́ díẹ̀ lé e lórí.

"Rúkà."

"Ìyá."

"Kí lo rí?"

"Mi ò rí nǹkan kan, Ìyá."

"Ọmọ bàbá rẹ ni ọ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́." Wọ́n sì fi iwe adìẹ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kí ọ̀rọ̀ má baà ráyè gbà jáde. Iwe! Iwe tí ọmọdé kì í jẹ nílé wa, tó jẹ́ pé Dádì nìkan ló ni ín! Mo jẹ ẹ́, mo sì di ọ̀dàlẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ẹni mẹ́ta ló ń jẹ nínú ìkòkò Ṣebótimọ, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń dárúkọ. Ìyá á kọ́kọ́ bu tiwọn, àwo kan dáadáa, tí wọ́n á ní àwọn ṣì ń tọ́ ọ wò. Èmi á gba iwe mi. Ajá á jẹ ìyókù, á lá àwo títí á fi máa dán. Ẹ wá wo ilé wa! Ṣebótimọ ń sáré lọ pàdé Dádì lẹ́nu géètì. Ìyá Ẹ̀pẹ́ ń jẹ iṣu aláìníyọ̀ tí Mọ́mì bá gbé kalẹ̀ lálẹ́, wọn kì í kùn mọ́, wọ́n tiẹ̀ ń ṣàdúrà fún ìyàwó ilé. Mo gbọ́ tí Mọ́mì ń sọ fún ọ̀rẹ́ wọn lórí fóònù pé, "Àdúrà mi ti gbà. Màmá ti gba kádàrá." Dókítà ẹranko náà dé, ó rí bí ajá ṣe ń jẹun, ó ní ohun tí òun ń wí nìyẹn, pé tí èèyàn bá tẹ̀ lé òfin, èso á wà. Ìyá Ẹ̀pẹ́ dáhùn pé, "Àmín o, dókítà. Òfin dára."

Nígbà tí òjò ń rọ̀ láìdáwọ́ dúró, nǹkan yí padà. Ṣebótimọ bẹ̀rẹ̀ sí í mumi bí ẹni tó gbààwẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ó ń dùbúlẹ̀ níbi tó bá bọ́ sí. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni Ìyá ń ṣàròyé pé bàtà òde òní a máa súnkì, pé orí ń fọ́ wọn nítorí òtútù. Dádì ní oúnjẹ inú àpò ló ń fa wàhálà ajá, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Dókítà ẹranko tún padà wá. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ ajá, ó gbọ́wọ́ kúrò, kòtò kékeré sì wà níbẹ̀, kò kún padà. "Ẹ wò ó. Omi ló dúró sára rẹ̀. Ṣé ó dá yín lójú pé iyọ̀ ò dé oúnjẹ rẹ̀?"

Mọ́mì fa kọ́kọ́rọ́ yọ lábẹ́ búláòsì. "Dókítà, iyọ̀ ilé yìí, ọrùn mi ló wà."

Kò sẹ́ni tó wo Ìyá Ẹ̀pẹ́. Ta ló máa wo àgbà lójú lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Wọ́n jókòó, wọ́n ń ka tẹ̀sùbáà. Èmi náà ń wo ilẹ̀. Dókítà gún ajá lábẹ́rẹ́ kan, ó ní òun á fi ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ó ní bí kò bá sí àyípadà, àánú tó kù tí a lè ṣe ajá náà ni kí òun fún un ní abẹ́rẹ́ tó máa fi sùn lọ. Dádì, tí mi ò rí kí wọ́n sunkún rí, lọ dúró sẹ́nu géètì, wọ́n kẹ́yìn sí wa.

Lẹ́yìn ìrun màgàríbì, iṣẹ́ mi ni láti fi òrí ra ẹsẹ̀ Ìyá. Wọ́n na ẹsẹ̀ sórí àpótí, mo ń fi òrí ra á, àtàǹpàkò mi sì rì sínú kókósẹ̀ wọn. Mo gbọ́wọ́ kúrò. Kòtò kékeré dúró síbẹ̀. Mo dúró dè é kó kún, kò kún. Igbe ni mo fi bọnu.

"Kí ló dé? Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Nu ojú rẹ, kó o sọ ohun tó o rí."

"Ìyá, ẹ wo ẹsẹ̀ yín. Bíi ti Ṣebótimọ ló rí. Iyọ̀ ni, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kú. Kò gbọdọ̀ kú, ẹ̀yin náà ò gbọdọ̀ kú."

Wọ́n tẹ ẹsẹ̀ ara wọn wò. Wọ́n gbójú sókè wo ajá tó nà gbọọrọ lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Mo rò pé oore ni mò ń ṣe é ni," ni wọ́n wí. Ohùn wọn kéré débi pé mi ò mọ̀ pé àwọn ni. Wọ́n tú kókó etí ìró, wọ́n da iyọ̀ náà sí mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n lọ dà á sí gọ́tà.

Kí Dádì tó jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá ti dúró sí ẹnu ọ̀nà. "Ìyá Rúkà, má sè tèmi lọ́tọ̀ mọ́. Ìkòkò kan ṣoṣo ni mo máa máa gbé kaná. Níbẹ̀ ni màá ti máa jẹ."

"Ìkòkò ajá?" Dádì fẹ́rẹ̀ẹ́ ju báàgì nù. "Ìyá! Kí làwọn èèyàn á gbọ́? Pé ìyá mi ń jẹ oúnjẹ ajá?"

"Ràṣídì, ajá ló ń jẹ oúnjẹ mi. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ bu. Ọkọ̀ ojú omi rẹ ń lọ."

Láti ìgbà náà, bí iyọ̀ ṣe dùn tó tẹ́lẹ̀ lẹ́nu àwọn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni àìsí rẹ̀ korò tó. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Ṣebótimọ gbóòórùn àwo, ó gbójú sókè wo Ìyá bí oníbàárà tí wọ́n rẹ́ jẹ. "Má wò mí," ni wọ́n sọ fún un, wọ́n gbé ṣíbí oúnjẹ tiwọn sẹ́nu, wọ́n fún ojú pọ̀. "Èmi náà ń jẹ ẹ́. Gbé e mì." Ó jẹ ẹ́. Àwọn náà jẹ ẹ́. Kó tó di pé ọ̀sẹ̀ dókítà pé, wíwú ẹsẹ̀ ajá ti ń lọ sílẹ̀. Nígbà tó fi máa pé oṣù kan, bàtà Ìyá ti gbà wọ́n. Dókítà ẹranko ní abẹ́rẹ́ òun ló ṣe é. Dádì ní àpò oúnjẹ kẹta ni. Mọ́mì di kọ́kọ́rọ́ ọrùn wọn mú. Kò sẹ́ni tó bi èmi àti Ìyá. Iwe adìẹ padà sórí àwo Dádì, àwọn náà sì rò pé adìẹ ni kò níwe fún oṣù bíi mélòó kan. Mi ò tíì sọ ọ́ fún wọn rí. Bí wọ́n bá ka èyí, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí n kò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá padà sí Ẹ̀pẹ́ nígbẹ̀yìn, wọ́n lo ọ̀pọ̀ ọdún sí i, wọn ò sì fi iyọ̀ sẹ́nu mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ajá ò rí irú ọdún bẹ́ẹ̀ lò. Bóyá iyọ̀ tó kọ́kọ́ jẹ ló gé ọjọ́ rẹ̀ kúrú, bóyá ọjọ́ rẹ̀ ló pé, mi ò mọ̀. Mo mọ̀ pé mo rí i, mo sì dákẹ́ nítorí iwe. Ó ń dùn mí síbẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́ ni, kí Ìyá tó padà sí Ẹ̀pẹ́. A ti gba ìsinmi ilé ìwé, mo wà lẹ́yìn ilé pẹ̀lú Ìyá. Wọ́n ti tọ́ ìkòkò wò, wọ́n ti na ṣíbí ọlọ́wọ́ gígùn sókè àwo. "Ajá, wá jẹ." Ṣebótimọ kò dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán. Ó kàn fi ìrù gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ṣíbí dúró lókè. "Ṣebótimọ," ni Ìyá wí, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Wọ́n dá oúnjẹ padà sínú ìkòkò, wọ́n lóṣòó, wọ́n na ọwọ́ tí kò kàn án rí láti ìgbà tí wọ́n ti dé, wọ́n gbé e lé e lórí. Wọ́n fi síbẹ̀. Ajá mí kanlẹ̀, kò mí mọ́.

Ó pẹ́ kí Ìyá tó dìde. Wọ́n ní kí n gbé búta, kẹ́tùlù àlùwàlá wọn, wá. Mo ń da omi sí wọn lọ́wọ́, wọ́n ń fọ̀ ọ́, ìkínní pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wọn nílé kéwú, wọ́n ń kà á sókè, ìkejì, ìkẹta, títí ó fi di ìkeje. Ọwọ́ ti mọ́. Ìrun ìyálẹ̀ta ti tó kí. Wọ́n rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n dúró, wọ́n yí padà. Wọ́n lọ lóṣòó ti ajá náà, wọ́n tún gbé ọwọ́ mímọ́ náà lé e lórí, wọ́n ń fi pa á lára díẹ̀díẹ̀ láti orí dé ìrù.

"Rúkà," wọ́n wí láìwẹ̀yìn, "tún lọ pọnmi wá."

Búta mẹ́ta ni mo pọn láàárọ̀ ọjọ́ náà.